Ìyá Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Pa Lójú Ìwé Kìíní

Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbínú ni kò jẹ́ kí n rí dídára rẹ̀. "Èmi" ni ẹni tó ń sọ ìtàn ọ̀hún ń pe ara rẹ̀, "èmi" yìí kò sì jẹ́ kí ènìyàn mí. Bí òjò bá rọ̀, òun nìkan ló pa. Bí ebi bá wọ̀lú, ikùn tirẹ̀ nìkan ló ń kùn. Kò sí orí kan tí kò ti sunkún, kò sì sí ẹkún kan tí kò ṣàlàyé fún wa pé ẹkún ni. Obìnrin mẹ́ta ló ń kú fún ìfẹ́ rẹ̀, a ò rí ìdí kan. Níbi tó yẹ kí ìtàn ti parí, ó tún fi orí méjì dá ara rẹ̀ láre.

Ká ní ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ǹ bá ti jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi.

Àwọn ọdún tí owó oṣù kì í jáde nígbà náà ni. Èmi ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ní Àkúrẹ́, òun wà ní ọ́fíìsì ìjọba níbẹ̀. A ó lọ síṣẹ́, a ó jókòó, a ó padà sílé. Ó fi ìjókòó tirẹ̀ kọ ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan lẹ́yìn Ọjà Ọba, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó kí wọ́n bá a tà á.

Gbólóhùn kejì lójú ìwé kìíní: ìyá "èmi" kú lórí ìkúnlẹ̀ tó fi bí i. Ìyàwó bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ, ó ń febi pa á, ó ń fi omorogùn gbá a lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àdúgbò wa ni àdúgbò inú ìwé náà. Káfíńtà ni bàbá "èmi", káfíńtà ni bàbá wa. Àpá orókún "èmi", ara ẹ̀gbọ́n mi ló wà. Orí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa ló ti já bọ́. Ohun gbogbo ló kó nílé wa, ìyá nìkan ló fi sílẹ̀.

Àwa méjì péré ni Màámi bí. Orúkọ àkọ́bí ni wọ́n sì fi ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, nítorí náà orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo ayé fi ń pe Màámi láti ìgbà tó ti bí i. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnì kankan nínú wọn kò tíì mọ Màámi nígbà tó lóyún ẹ̀gbọ́n mi, wá ka ìwé. Lójú tiwọn, ẹni tó bá dìde tó ní "èmi", ẹ̀rí ló ń jẹ́, ta ló máa parọ́ nínú ẹ̀rí? Wọ́n ní, àṣé Màámi kọ́ ló bí i! Màámi sọ títí pé òun ni, wọ́n ní obìnrin rere ni, kò fẹ́ tú àṣírí ọmọ. Àwọn kan ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá omorogùn. Kí wọ́n má baà fi ọmọ ọlọ́mọ pè é mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ mi pè é.

Iwájú ilé wa ní Oǹdó la wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Obìnrin kan kí i láti títì, ó fi orúkọ mi pè é. Màámi yíjú sí mi.

"Ìwọ ni wọ́n ń kí," ó ní.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti pa Màámi."

"Ṣebí lítíréṣọ̀ lo kà ní yunifásítì? 'Èmi' inú ìwé kì í ṣe èmi."

"Mo mọ̀. Ohun tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Ẹ lọ sọ fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, gbọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń dín dòdò fún, ta ni yóò sunkún fún un?"

Màámi ò bá a jà. Ohun kan péré ló ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́: kó wá síbi ìkórè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n máa ń pe ìyá kọ̀ọ̀kan jáde, àkọ́bí rẹ̀ á ru ẹrù ìkórè níwájú rẹ̀.

"Kó sáà ru iṣu níwájú mi," ó ní. "Kò ní láti sọ nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á wá.

Lọ́jọ́ ìkórè, Màámi gba àyè kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó gbé Bíbélì lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, Màámi á ní ẹnì kan ń bọ̀. Wọ́n kọrin, wọ́n wàásù, Bíbélì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi padà sọ pé kò sí epo mọ́tò. Ọjọ́ kejì ló wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ tàwé.

Bàbá ìjọ tó ń pe orúkọ wò wá, ó wo àyè tó ṣófo, ó sì fi orúkọ mi pe Màámi. Kò dìde. Bàbá ìjọ tún un pè. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú padà. Mo na ọwọ́ sí iṣu, ó gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó fúnra rẹ̀ gbé e karí, ó jáde lọ síwájú láìjó, mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

A ń padà sílé nígbà tó bi mí.

"Ìwé ọ̀hún, ìwọ tó o kàwé, ṣé ó tiẹ̀ dára?"

"Kò dára, Màámi."

Ó dúró díẹ̀ lójú títì, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ó mà ṣe o," ó ní. "Kí wọ́n pa mí, kí ìwé náà má sì tún dára."