Orin Àbẹ̀kẹ́

Orin yẹn ṣàdédé dún nínú fóònù ọmọ ọmọ mi lánàá, ni ẹ̀wà mi bá jóná lórí iná. Mo ní kó jókòó, kó máa kọ ohun tí mo bá sọ sílẹ̀. Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ẹni tó ni orin.

Mushin la wà, nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́pò pọ́n-ùn. Ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń ta kẹrosíìnì fún gbogbo àdúgbò. Tí iná ìjọba bá lọ, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni gbogbo igò òfìfo ń forí lé. Nígbà tó kú, mo ṣe orin fún un:

Àbẹ̀kẹ́ o, ìmọ́lẹ̀ ilé onílé,
Ẹni tí ò jẹ́ ká sùn lókùnkùn.

Ìdí ẹ̀rọ omi ni èmi àti Síkírá, ọ̀rẹ́ mi, ti máa ń kọ ọ́. Ohùn tèmi ń han bí ìlẹ̀kùn tí ò rí epo. Tí Síkírá bá gbóhùn sókè, ẹ ó gbàgbé korobá yín sábẹ́ omi. Kò fẹ́ràn aṣọ fífọ̀ ní tiẹ̀. Á rẹ ẹ́ sómi, á dá orin, èmi ni màá fọ̀ ọ́.

Wákà la ń kọ, orin tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí fi ń yẹ́ ara wọn sí. Àtẹ́wọ́ ló ni ín tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìgbà yẹn ló ń kó ìlù jọ, tó ń wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù wá mú Síkírá, ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Gbogbo Èkó ló máa gbọ́ orúkọ Màámi." Bó ṣe ń pe ìyá mi nìyẹn, torí abọ́ kan náà la jọ ń jẹ níwájú rẹ̀.

Mo sọ fún bàbá mi, tí kì í fẹ́ jáde mọ́ látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Ọjọ́ tí rẹ́kọ́ọ̀dù náà dé, ó wọ agbádá ọdún Iléyá rẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yìngbò, a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń fi gbohùngbohùn polówó orin. Síkírá gbóhùn sókè. Orí mi wú.

Àlàájì Làmídì o, ìmọ́lẹ̀ ilé onílé…

Bàbá mi dúró títí orin náà fi parí, bóyá wọ́n ṣì máa dárúkọ ìyàwó òun. Ó wá ní, "Ohùn ọmọ náà dùn."

Mo lọ bá Síkírá ní Surulere, níbi tó kó lọ. Kò sá, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, òkú kì í ra ọkọ̀ fún olórin." Ọkọ̀ tí Àlàájì rà fún un sì wà níta lóòótọ́, ó ń dán. Ó ní kí n jókòó jẹun. Mi ò jẹ.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ti di kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì ti di ohun tí ẹ ń kì sápò. Síkírá ti lọ, Àlàájì ti lọ, ọkọ̀ ti dípẹtà. Kò sẹ́ni tó mọ Làmídì mọ́, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń kì. Ó ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Ohùn Síkírá náà sì ṣì dùn, ìyẹn ló burú jù.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ ọmọ mi ń fọ abọ́, mo gbọ́ tó ń rọra kọ orin náà. Mo dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, bí bàbá mi ṣe dúró níjọ́sí.

Àbẹ̀kẹ́ ló pè.