Ewúrẹ́ tí mo mú jáde nílé ìwádìí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí jáde lónìí, ojú ti ń tì mí tipẹ́!

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Àrùn kata ń pa ewúrẹ́ wa ní Igbótako: ikun á máa dà nímú wọn, ìgbẹ́ gbuuru á sì pa wọ́n. Dókítà ẹran ọ̀sìn kan ní òun lè wádìí ẹ̀, àmọ́ àfi tí a bá dáwó kọ́ ilé tó ní ọgbà àti àgádágodo, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè wọ̀ láìpààrọ̀ bàtà. Èmi ni wọ́n ní kí n máa gba owó náà, torí èmi ni lídà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Nígbà tí ilé náà dúró, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi.

Èmi fúnra mi ò ní owó, ni mo bá fi ewúrẹ́ kan sílẹ̀. Dókítà so ó sáàárín àwọn tó ń ṣàìsàn, kó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn.

Àfi bí ìkórè ṣe dé! Èmi lídà, kí n lọ síwájú pẹpẹ lọ́wọ́ òfìfo? Kí làwọn èèyàn á sọ?

Lọ́jọ́ tí dókítà lọ sí Òde-Ìrèlè, mo ṣílẹ̀kùn, mo mú ewúrẹ́ mi. Ara ẹ̀ ń dán! Mo ní ṣebí èmi náà ni mo ni ín.

Wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyé Fólúkẹ́, opó kan ládùúgbò wa, ló rà á. Ó ní ewúrẹ́ lídà á mú ìbùkún wọlé. Ó dà á pọ̀ mọ́ méje tó fẹ́ tà kí Fólúkẹ́ ọmọ ẹ̀ lè wọ girama.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyọ kan ò ṣẹ́kù! Fólúkẹ́ ò lọ girama mọ́. Nígbà tí dókítà bi mí nípa ewúrẹ́ mi, mo ní ó já okùn. Háà, èmi lídà!

Lọ́jọ́ kan, Ìyé Fólúkẹ́ wá bá mi. Mo rò pé ó ti gbọ́ ohun tí mo ṣe. Àṣé owó pupuru tó tà ló mú wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Lídà, ẹ bá mi fi kún owó ilé ìwádìí yẹn, kí wọ́n lè mọ ohun tó pa ẹran mi. Kó má ṣe ẹlòmíì mọ́.”

Mo nawọ́, mo gbà á. Mo tún gbàdúrà fún un!

Ojú ayé tí mo ń wò ni mo fi ba ọ̀la ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ má ṣe bíi tèmi o. Ṣé ẹ ti ṣẹ ẹnì kan bẹ́ẹ̀ rí, tí ẹ sì jẹ́wọ́ fún un? Ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ṣe é. Ìyé Fólúkẹ́ ti kú, kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi.