Púlọ́mbà Tó Ní Òfin fún Ohun Gbogbo

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òrùka ìgbéyàwó ìyá aránṣọ bọ́ sínú síǹkì níbi tó ti ń fọ abọ́. Ojú rẹ̀ ló ṣe tí òrùka náà fi yí wọnú ihò lọ. Ó pa omi, ó nu ọwọ́, ó sì ránṣẹ́ pe Bàbá Òfin, púlọ́mbà tó ń gbé ní òpópónà kejì. Bàbá Òfin dé, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fa àga fún ìyá aránṣọ.

"Ẹ jókòó, màmá. Ẹ ka gbogbo ibi tí a lè wá òrùka yìí dé fún mi, látorí àkọ́kọ́ dórí ìkẹyìn."

"Inú síǹkì ló wà. Mo rí i nígbà tó wọlé."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Ibi tí èèyàn bá wò kẹ́yìn ló ti máa ń rí ohun tó sọnù. Ẹ ronú ẹ̀ wò, ṣé ó yẹ̀ fún yín rí? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí n má baà fi àkókò yín ṣòfò."

Ìyá aránṣọ wò ó títí. Ẹrù iṣẹ́ ọjọ́ náà ti wà lọ́rùn rẹ̀, kò lágbára àríyànjiyàn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: síǹkì, ilẹ̀ ilé ìdáná, àpò aṣọ tó wọ̀ lánàá, àpótí bọ́tìnì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Òfin bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò nílẹ̀. Ó da bọ́tìnì sórí ẹní, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wá gba aṣọ wọn bá a ṣà. Nígbà tí oòrùn fi yí, kò ku ibì kankan mọ́ àfi síǹkì. Ó kúnlẹ̀, ó fi sípánà tú páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ rẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ abọ́, òrùka sì jábọ́ sínú abọ́ náà.

Gbogbo ilé ń retí kí ojú tì í. Ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nu òrùka náà, ó gbé e lé ìyá aránṣọ lọ́wọ́. "Ṣé ẹ wá rí i, màmá? Ibi tí a wò kẹ́yìn náà ni."

Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Bàbá Òfin. Kò kàwé òfin, kò sì dúró níwájú adájọ́ rí. Òfin tirẹ̀ ni èyí tó ń ṣàlàyé ìdí tí ayé fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe sí ẹni tó jí láàárọ̀ láìṣẹ̀ sẹ́nikẹ́ni. Sípánà tó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn á yí lọ síbi tí ọwọ́ ò lè dé. Imú kì í yún púlọ́mbà àfi tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá wà nínú ìdọ̀tí. Kì í sì kàn sọ ohunkóhun di òfin. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà á wọlé. Ìyàwó rẹ̀ yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí ọkọ òun tún àtẹ̀gùn yẹn ṣe. Bàbá Òfin ní kó ní sùúrù, ẹ̀rí ò tíì pé.

Ìtàn rẹ̀ tó gbajúmọ̀ ṣìkejì ni ti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan, obìnrin tí kì í fẹ́ ìranù. Ẹ̀rọ omi ọ́fíìsì rẹ̀ ń jò. Ìró rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ronú. Ó pe Bàbá Òfin. Bí Bàbá Òfin ṣe ń wọlé, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ó jókòó tì í fún wákàtí kan, ẹ̀kán omi kan ò bọ́. Bó ṣe jáde ní ẹnu ọ̀nà báyìí, ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Òfin ni," ó sọ nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin. "Ẹ̀rọ omi kì í jò lójú púlọ́mbà."

"Ṣé kí n wá máa gbé yín jókòó sínú ọ́fíìsì mi ni?"

Bàbá Òfin ronú. Ó ṣí fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ọrùn ẹ̀rọ náà. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kò lè mọ ìyàtọ̀ èmi àti fìlà mi."

Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ó ti rọra yí ìdí ẹ̀rọ náà le nígbà tó ń fi fìlà kọ́ ọ. Òun kò jẹ́wọ́, kò sì jiyàn. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ò jò fún oṣù méjì, tó fi jẹ́ pé nígbà tó padà lọ gba fìlà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó lọ ra òmíràn.

Òfin ló tún fún un ní ìyàwó. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé, níbi tí ìlà méjì wà. Ọmọbìnrin kan wà níwájú rẹ̀, ìlà wọn ò sún láti àárọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ bá wa bọ́ sí ìlà kejì."

"Kí ló dé?"

"Ìlà tí èèyàn bá fi sílẹ̀ ló máa ń yá. Tí ẹ bá kúrò ní tiwa, á yá."

"Ẹ̀yin ẹ kúrò, kó yá fún mi."

Ó rò ó wò, ó rí i pé òótọ́ ló sọ. Ó bọ́ sí ìlà kejì. Kò pẹ́ tí ìlà ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ṣe tirẹ̀ tán, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì rí ọkùnrin náà níbi tó wà, akọ̀wé ojú fèrèsé tirẹ̀ ti dìde lọ jẹun. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, ó dúró dè é. Títí ó fi di ìyá àgbà ló ń sọ pé òun ti rí ọkùnrin tó ń parọ́ fóbìnrin, òun ò tíì rí èyí tó gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́ débi tí yóò fi pàdánù ààyè rẹ̀ lórí ìlà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni. "Ìyá mi" ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Òfin tó bá a dàgbà ni ti ìlọ́po méjì: kò sí iṣẹ́ tó ń parí lásìkò tí wọ́n dá fún un, ìlọ́po méjì rẹ̀ ló ń gbà. Tí Bàbá Òfin bá sọ ọjọ́ méjì fún oníbàárà, ọjọ́ mẹ́rin ni. Wọ́n ní kó kúkú máa sọ mẹ́rin. Ó ní tí òun bá sọ mẹ́rin, á di mẹ́jọ.

Nígbà tí ọmọ náà wà ní kíláàsì kẹrin, wọ́n bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni ọkùnrin mẹ́ta yóò fi gbẹ́ kòtò kan. Ó ṣírò rẹ̀ dáadáa, ó sì sọ ìdáhùn di ìlọ́po méjì. Olùkọ́ fàgi lé e. Bàbá rẹ̀ wọ bàtà, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó bi olùkọ́ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ó ti gba òṣìṣẹ́ rí.

Ọmọ náà dàgbà, ó di olùkọ́ ìṣirò ní ìlú kan tó jìnnà, ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko.

Lẹ́yìn náà ni ara Bàbá Òfin bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Ó dín kù nínú aṣọ rẹ̀ títí sòkòtò fi ń gba okùn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ gbọ́ èsì lọ́dọ̀ dókítà. Bí wọ́n ṣe dé, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Dókítà ní ó ku oṣù mẹ́ta."

Ọmọ náà wá àga jókòó.

"Ìyá mi, ṣé ò ń gbọ́? Oṣù mẹ́ta tiwọn nìyẹn. O mọ ìṣirò jù mí lọ."

"Oṣù mẹ́fà," ọmọ rẹ̀ sọ.

"Ó yé ọ."

"Mò ń bọ̀ lọ́la, Bàbá."

"Kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ wọ ìdánwò àṣejáde láìsí olùkọ́ wọn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà òní ni wọ́n máa parí. Bá wọn parí ẹ̀. Tí o bá wá, a óò jọ lo èyí tó kù."

Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò ní orí. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti gbọ́n, kò rí ọjọ́ tí òfin yẹn yẹ̀. Ó dúró. Ó ń pè ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ ń pa á lẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ sì ń tín-ín-rín sí i. Nígbà tó ku díẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń gbé fóònù. "Ó sùn," ló máa ń sọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú ọjọ́ tí ìdánwò máa parí, ọmọ náà ń rìn láàárín ìjókòó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n wá pè é jáde. Bàbá rẹ̀ ti lọ. Ó wọkọ̀ bó ṣe wà, ẹfun ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, yàrá ìgbàlejò kún. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì pẹ́ tí ìyá aránṣọ fi mú ọ̀rọ̀ òrùka jáde. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sọ ti ẹ̀rọ omi. Àwọn àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí ilẹ̀kùn, kò rẹ́rìn-ín.

"Òfin Bàbá ni kò jẹ́ kí n bá wọn láàyè," ó sọ. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. "Mo kàwé ìṣirò ní yunifásítì, mo sì jókòó, mò ń retí oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́ta gan-an ò pé."

Ìyá rẹ̀ dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó sì pè é. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Dókítà ò sọ oṣù mẹ́ta," ó sọ. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sọ."

Ọmọ náà wò ó.

"Mo wà níbẹ̀. Bàbá ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tá a délé, ó gbé kàlẹ́ńdà, ó ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà síwájú, ó rí i pé ọjọ́ tí ìdánwò yín máa parí ló bọ́ sí. Ó ní ó ṣe rẹ́gí. Ó ní kí n má sọ fún ọ."

"Ẹ sì gbà, Màámi?"

"Mo gbà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo gbé fóònù láti pè ọ́. Ó ní ṣé mi ò rí i pé òfin ń ṣiṣẹ́ ni. Ó sì ń ṣiṣẹ́. Dókítà fúnra ẹ̀ ò mọ ohun tó mú un dúró. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo tún gbé e. Ó bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí rí látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ."

"Wọn ò bi mí. Ẹ̀yin náà ò bi mí. Ǹ bá wá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo pa á mọ́ra, á sì máa dùn mí lọ."

Ọmọ náà fara ti ògiri. Ó ń fi ìka ṣírò lábẹ́nu, láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn dé Ọjọ́bọ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó dín ọjọ́ kan," ó sọ. Ẹ̀rín kékeré kan já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò mọ̀ pé ó ń bọ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ dì í mú. Ní yàrá ìgbàlejò, àwọn èèyàn ti tún ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ sọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kú.

"Ó bi mí pé ìdánwò wo ni àwọn ọmọ ń ṣe lónìí. Mo ní ìṣirò ni."

"Jọ́gíráfì ni, Màámi. Ọjọ́ kejì ni ti ìṣirò."

"Mo mọ̀. Ìṣirò ni tìẹ, ìyẹn ló fẹ́ gbọ́."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

Ìyá rẹ̀ fi etí aṣọ nù ún lójú. "Ó ní, 'Ìyẹn le. Jẹ́ kó dúró tì wọ́n.'"