Orúkọ Tó Wà Lára Káàdì

Tí mo bá gbọ́ ìró òòlù lára ọkọ̀ tó ti tẹ̀ wọnú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì máa ń gbóná. Iṣẹ́ pánẹ́bítà ni mo kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ díákónì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó sì ń gbá wa létí láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó máa ń ní kò sí irin tó ń tọ́ láìjẹ pé wọ́n lù ú. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀ṣẹ́ ni mo fi ń dáhùn ẹ káàárọ̀. Mo ti fọ́ ẹnu ọlọ́kadà kan ní Sábó nítorí ṣéńjì, mo sì ti fi sípánà lé ọmọọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi yí ṣọ́ọ̀bù ká. Mo rò pé ọkùnrin ni mí. Ọkùnrin burúkú!

Ohun tí mo ń wá nígbà náà ò ju fìrídọ́ọ̀mù lọ. Mo ti lo ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní àfi kí n kó owó wá kóun tó lè gbàdúrà lé mi lórí kí n máa lọ. Ni mo bá kó sí ìdí tẹ́tẹ́ kásínò orí fóònù. Mi ò kúkú dijú wọ̀ ọ́ o. Mo kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀: báwo ni wọ́n ṣe ń gba owó? Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń gba káàdì báǹkì, àwọn ń gba tiransífà, àwọn kì í gba káàdì ìpè. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára káàdì nìkan làwọn máa san èrè fún. Mo kà á. Mo ní kí ló kàn mí? Káàdì tèmi ti sọnù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní káàdì. Ìyá kan ló bí wa, bàbá kan ló sọ wá lórúkọ. Ta ló ń pín ọmọ ìyá méjì sọ́tọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ, àwọn èèyàn a sì máa dúró wo igbá rẹ̀ kódà bí wọn ò ní rà á. Nígbà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, mo kó ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún un, mo ní mo fẹ́ fi káàdì rẹ̀ ra irinṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó fún mi ní káàdì àti fóònù, ó lọ kírun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jẹ ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà. Mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ àkáǹtì tèmi pé kí wọ́n san án síbẹ̀, wọ́n kọ̀. Mo tún un tẹ̀, wọ́n kọ̀. Àkáǹtì ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n san án sí, orúkọ kásínò sì wà gbangba nínú alẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì dọ̀bálẹ̀ tán tó fi sọ̀rọ̀.

“Ṣé irinṣẹ́ tí o lọ rà nìyí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà jẹ́ kí n gba owó mi.”

“Owó tẹ́tẹ́? Háráámù ni. Mi ò ní fọwọ́ kàn án, ìwọ náà ò ní fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ ti fìrídọ́ọ̀mù ni, jẹ́ kí n ta àwọn igbá tó wà nílẹ̀ yìí.”

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà sọ! Ó lóun máa ta igbá. Etí mi ò gbọ́ ìyẹn rárá. Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Mo fẹ́ já fóònù gbà kí n lè fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo gbá a létí, ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí dàgbà. Ẹ̀jẹ̀ jáde nímú rẹ̀, síbẹ̀ kò jọ̀wọ́ fóònù. Irin tó fi ń dá ilẹ̀kùn dúró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé e, mo là á mọ́ ọwọ́ ọ̀tún tó fi di fóònù mú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ìró egungun. Fóònù já bọ́ sáàárín igbá. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó kàn ń wo ìka rẹ̀ tó ti yí padà.

Àwọn ará ọjà dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n lù mí, ó sì tọ́ sí mi. Nílé ìwòsàn, ọlọ́pàá bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí lòun máa kọ sínú ìwé ẹjọ́ náà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ọ̀gá. Ẹ tú u sílẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju lílù tí wọ́n lù mí lọ́jà lọ.

Owó yẹn ṣì wà nínú àkáǹtì náà, kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Mo gba fìrídọ́ọ̀mù mi ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí. Ìka ẹ̀gbọ́n mi ò ká mọ́. Igbá tí ẹlòmíràn fín ló ń tà.

Lọ́dún Iléyá tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, lọ kí i. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì na ẹran sí i. Ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti oúnjẹ. Ọmọ náà kó ọwọ́ sẹ́yìn, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó ní, “Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ọ̀tún.” Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.”

Nígbà tí a ń lọ síbi ọkọ̀, ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé ta ló ṣe ọwọ́ Bàbá Ọ̀yọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ irọ́ tí mo lè pa. Mo ní, “Èmi ni.” Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó sì bọ́ sẹ́yìn. Mi ò bá a wí. Èmi gan-an ṣì ń bẹ̀rù ọwọ́ yẹn.