Gíláàsì Tí Mo Bọ́ Lórí Òkè Yìnyín

Ó ku ibùdó kan kí ọkọ̀ ojú irin wa dé Woolwich ní London nígbà tí ó dà bí ẹni pé iyanrìn wọ ojú mi méjèèjì. Mo fi ọwọ́ nù ún. Ó burú sí i. Nígbà tí èmi àti Bùkọ́lá, ìyàwó mi, fi máa délé ní Thamesmead ní ìrọ̀lẹ́, omi ń dà lójú mi, iná yàrá ń gún mi bí abẹ́rẹ́, n kò sì lè la ìpéǹpéjú mi mọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí. Bí ojú yìí bá lọ, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn.

Níbi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí mo ń lọ, wọ́n kọ́ wa láti máa to ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mo ní kí Bùkọ́lá bá mi kọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó lọ rí dókítà.

"Dádì, ojú ń jó yín, ẹ tún ń wá ìwé! Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ìyàwó mi wí. Síbẹ̀, ó kọ ọ́.

Ohun tí ó kọ nìyí. Ìjọ wa lọ gbàdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè gíga kan ní Switzerland, níbi tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Mo ti fara balẹ̀ yan gíláàsì oòrùn tó dára, mo sì lò ó ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, èmi ni ó kàn láti ka Sáàmù. Mummy Ajíkẹ́, àgbà ìjọ wa, wò mí tìyanu-tìyanu.

"Táyọ̀, ṣé gíláàsì dúdú lo fẹ́ fi dúró níwájú Ọlọ́run? Àbí o ti di òṣèré?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, àfojúdi ni kí èèyàn fi irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Mo bọ́ ọ, mo sì kàwé fún wákàtí mẹ́ta. Àwọn yòókù di ojú wọn. Èmi nìkan ni mo la tèmi sílẹ̀ sórí yìnyín. Ìkùukùu bo oòrùn díẹ̀, mo rò pé kò séwu. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni a wọ bàálù padà sí London.

Ní ọsibítù, a jókòó pẹ́. Mo fi ìborùn Bùkọ́lá bo ojú, mo ń gbọ́ orúkọ àwọn ẹlòmíràn. Nígbẹ̀yìn, dókítà kán omi aláwọ̀ ọsàn sí mi lójú, ó tan iná búlúù sí i láti fi wá egbò.

"Ṣé mo ṣì máa wakọ̀?" ni mo bi í.

"Ojú yín kò fọ́, sà. Oòrùn ló jó o."

Ó ṣàlàyé pé awọ tín-ín-rín kan wà níwájú ẹyinjú, tó mọ́ gaara. Ìtànṣán oòrùn tí a kì í rí, tí wọ́n ń pè ní UV, a máa jó o. Yìnyín a máa ta ìtànṣán náà padà sójú, ó máa ń le sí i lókè, ìkùukùu kì í sì í dá a dúró tán. Ìrora rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Mo bẹ̀bẹ̀ fún oògùn tó ń mú ojú kú, tí èèyàn kì í fi í mọ ìrora, kí n mú un lọ sílé. Ó kọ̀, nítorí kì í jẹ́ kí egbò tètè jinná. Ìpara ojú àti oògùn ìrora ni ó fún mi, ó ní kí n wà nínú yàrá tó ṣókùnkùn nílé, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ ra ojú.

Lọ́jọ́ kejì, Mummy Ajíkẹ́, tí Bùkọ́lá ti sọ fún, pè mí lórí fóònù. "Táyọ̀ mi, èmi ni mo fa èyí."

"Èmi ni mo bọ́ ọ, mà. Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún yín."

"Ó dáa. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa yan tèmi. Ṣùgbọ́n má sọ mí di gbajúmọ̀ olórin o!"

Mo sọ fún un pé kí ó má fi dúdú nìkan yan gíláàsì. Kí àkọlé rẹ̀ sọ pé ó ń dí UV tán, kí ó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, kí ó sì jẹ́ ti ìpele kẹrin, èyí tó ṣókùnkùn jù, fún òkè yìnyín. A kò gbọdọ̀ fi ti ìpele yìí wakọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má bọ́ ọ, ìbáà jẹ́ nígbà àdúrà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí a ti ọsibítù dé, mo la ojú mi, kò dùn mí. Bùkọ́lá sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì jókòó wò ó títí. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ mí wò, mo ka lẹ́tà ara ògiri dé ìlà tó kéré jù, wọ́n ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ráhùn ni ara mi fi ń hun awọ tuntun, láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí ó dá a bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo padà sẹ́nu wíwa bọ́ọ̀sì, ní ibùdókọ̀ kan nítòsí Plumstead Common, mo rí obìnrin kan lókèèrè tó ń sáré bọ̀, ó ń juwọ́ sí mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo dúró dè é.