Ọmọ Tó Ń Sá fún Agogo

Òórùn epo ẹ́ńjìnnì àti irin tí oòrùn ti yan, kí n tó dé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ rárá ló ti máa ń wá pàdé mi lọ́nà. Àwọn mìíràn a fọwọ́ bo imú. Ní tèmi, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, torí bí mo bá ti rí ríìmù ọkọ̀ tí wọ́n tò gègèrè síwájú ṣọ́ọ̀bù, ilé-ìwé kan ní Mushin ló ń sọ sí mi lọ́kàn, àti Àǹtí kan tí n kò lè san oore rẹ̀ tán láyé.

Ilé-ìwé náà kò ní agogo gidi. Ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi wáyà so rọ̀ sára igi fúrúùtù láàrin ọgbà, tíṣà tí iṣẹ́ bá kàn á sì fi irin gbọọrọ lù ú gbàn-gbàn-gbàn! Bí o bá ń sùn ládùúgbò yẹn, o jí nìyẹn. Àwọn ọmọ yòókù á hó yèè, wọ́n á tú jáde lọ ṣeré. Ọmọbìnrin tèmi á fọwọ́ di etí, á ké bí ẹni tí iná jó, á sì sá. Dókítà ti ṣàlàyé fún wa pé bí a ṣe bí i nìyẹn, pé ariwo tí àwa ń gbọ́ bí ẹni kan ilẹ̀kùn, bí ààrá ló ń dún létí tirẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ní ká gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Mo ní, "Mọ́mì, òkè tó ní gbohùngbohùn tó tó yẹn?" Ìyá pòṣé, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Òwú la kọ́kọ́ fi dí i létí. Ó yọ ọ́, ó sọ ọ́ nù. Lọ́jọ́ kan, agogo dún nígbà tí géètì ṣí sílẹ̀, ọmọ sì bọ́ sí títì. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló yà bàrà wọ gọ́tà kó má baà gbá a. Ọlọ́run ló yọ wá. Ọ̀gá ilé-ìwé pè wá. "Dádì, ẹ̀mí ọmọ yìí ni mò ń rò o. Tó bá tún sá jáde, ẹ máa mú un lọ ni." N kò lè bínú sí obìnrin náà. Àmọ́ ilé-ìwé tó ti kọ̀ ọ́ ṣáájú kì í ṣe ẹyọ kan, ṣé o mọ̀?

Àǹtí kíláàsì rẹ̀, ọmọge pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń ti Yaba wá, tẹ̀lé wa dé abẹ́ igi. Ó ní, "Dádì, nílé ńkọ́? Ariwo wo ni kì í sá fún?"

Mo fẹ́ sọ pé kò sí. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín tẹkún-tẹkún. "Ariwo tirẹ̀ ńkọ́? Tó bá ti kó ìdérí ìkòkò mi jọ, tó ń là wọ́n mọ́ra! Lánlọ́ọ̀dù ti fẹ́ lé wa."

"Òun fúnra rẹ̀ ló ń lù wọ́n?"

"Òun ni o, Àǹtí."

Àǹtí wo ríìmù, ó wo ọmọ. "Ẹ tètè mú un wá lọ́la, káwọn tó kù tó dé."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti géètì pa, ó lóṣòó síwájú ọmọ, ó sì fi irin náà lé e lọ́wọ́. "Ìwọ lo máa sọ ìgbà tó máa dún." Ọmọ mi wo ríìmù bí ẹni wo ajá tó ti bù ú jẹ rí. Ó fi irin kàn án: tín. Ó fà sẹ́yìn, ó wò wá. Ó tún kàn án: tín. Àfi gbàn! Èmi ni mo fọwọ́ di etí. Òun ò dí tirẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín.

Bó ṣe di alágogo nìyẹn. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ rọgbọ o. Láwọn ọjọ́ kan kò ní fẹ́ lù ú, Àǹtí á sì bá a di irin mú. Lọ́jọ́ kan tíṣà kan gbàgbé, ó lù ú fúnra rẹ̀, ọmọ sì sunkún títí wọ́n fi jáde. Àǹtí lọ bá tíṣà náà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, agogo yẹn ti ní ẹni tó ni ín." Ọ̀gá ilé-ìwé gbè é lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ pé ká mú ọmọ lọ sílé sì parí síbẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọmọ mi ni pé, kó tó lù ú, á kọ́kọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì àwọn jẹ́lé-ó-sinmi. Á ní, "Mo fẹ́ lù ú o." Á dúró káwọn ọmọ kéékèèké fọwọ́ di etí, kó tó lọ lù ú.

Ó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Àǹtí ti kúrò níbẹ̀, àmọ́ mo máa ń pè é. Á ní, "Dádì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ nìyẹn." Mo ní mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ tàbí tó ń lọ ata láìkọ́kọ́ kéde. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, gbogbo wọn ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku èmi nìkan, okùn jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ké sínú ilé tó ṣófo: "Mo fẹ́ tàn án o!" Mo ṣì dúró díẹ̀ ná, kí n tó fà á.