Ibi Tí Ìyá Àwòdì Lọ

Ọjọ́ tí Télọ̀ Músà dìde lórí àga tó kéde pé ìwé àwòrán Àwòdì ti bàjẹ́, inú bí mi débi pé ó wù mí kí n ṣí fìlà lórí ẹ̀ kí n sọ ọ́ sókun. Òkun ò kúkú jìnnà. Láti ìsọ̀ wa, a máa ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń já ẹrù ní wọ́ọ̀fù, ìyẹn afárá gígùn tó wọ inú omi lọ, tí àwọn Faransé fi ń kó ẹrù ọkọ̀ wọ Lomé láyé ìjọba wọn.

Músà ní ó ti rẹ àwọn tó ń ya Àwòdì ní Paríìsì, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń yà mọ́. Fo Kwadzo, géńdé ọmọ Mínà kan tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, tó sì gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Anagokomé, àdúgbò àwọn Yorùbá ní Lomé, dá a lóhùn pé kò sóhun tó bàjẹ́, pé ìjà inú èyí tó dé kẹ́yìn pọ̀ ju ti gbogbo àtẹ̀yìnwá lọ. Músà ní ta ló bi í léèrè ìjà? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn tó wà lórí àga gígùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nísọ̀ wa ti pín sí méjì, àwọn tó ń kọjá lọ sílé sì ti dúró láti gbọ́ ohun tó fa ìjà. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Felisité ni orúkọ ìrìbọmi mi. Ṣakẹ́tẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Lomé ni mo dàgbà sí, ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ni mo ti kàwé, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí gbogbo ọjà fi ń pè mí ní Mamusẹ́lì. Bàbá Sùbérù, ará Ìsẹ́yìn, ló gbà mí síṣẹ́. Bébà tí wọ́n fi ń di ọjà là ń tà, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí àwọn oníyọ̀, ọlọ́ṣẹ àti ẹlẹ́ja yíyan máa ń rà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n bébà nìkan kọ́ ló gbé Bàbá Sùbérù níyì. Àwọn tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi máa ń kó ìwé àwòrán wá fún un, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílùú àwọn yóvò, ìyẹn àwọn òyìnbó. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, á jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, á kọjú ìwé sí àwọn èèyàn, á máa fi ìka tọ àwòrán níkọ̀ọ̀kan, á sì máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Yorùbá. A kì í sọ pé à ń ka ìwé àwòrán. Títú là ń pè é, bí ẹní ń tú ẹrù. Ọ̀fẹ́ ni ìjókòó, ṣùgbọ́n ojú á ti ẹni tó bá gbọ́ àwòrán tí kò ra bébà.

Nínú gbogbo wọn, Àwòdì ni àwọn èèyàn ń kú lé lórí. Ọkùnrin kan ni, alágbẹ̀dẹ aago lójúmọmọ, ṣùgbọ́n bí ewu bá dé, á gbé agbádá tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe wọ̀, á da ìbòjú bojú, á fò. Ọ̀tá ẹ̀ ni Apárí kan tó fẹ́ jí oòrùn gbé kó lè máa tà á fáráyé. Ẹ má bi mí bí èèyàn ṣe ń jí oòrùn. Wọ́n yà á, mo tú u.

Nígbà tí Bàbá Sùbérù ṣì ń tú, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ, torí àsìkò yẹn gan-an ni mo máa ń gbé bébà lọ fún àwọn oníbàárà wa káàkiri. Bí mo bá ń bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo, òkèèrè ni mo ti máa ń gbọ́ wọn. Bí Àwòdì bá fẹ́ fò, Bàbá á ní, "Àwòdì ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́," gbogbo àga á sì dáhùn pé, "Ó ní iṣẹ́ kúkú yá!" Mo tún mọ̀ pé Àwòdì ní ìyá, torí àwọn obìnrin ọjà ò ní orúkọ méjì lẹ́nu. Ìyá Àwòdì sọ báyìí, Ìyá Àwòdì ṣe báyẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Sùbérù láti Ìsẹ́yìn pé ilé bàbá wọn ń wó, òun ló sì kù bí àgbà. Kó tó lọ, ó pè mí.

"Felisité, ìsọ̀ di ọwọ́ rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí àga mi ṣófo o. Bí àga bá ṣófo, Dàdá Afí á rí i."

Dàdá Afí ni obìnrin Mínà tó ń pín ààyè fúnni lápá ibẹ̀ lọ́jà. Ó pẹ́ tó ti ń wá ibi tí àbúrò ẹ̀ máa pàtẹ abọ́ onítánganran sí, abẹ́ igi wa sì tutù ju ibikíbi lọ. Mo ní kí Bàbá máa lọ, kó fọkàn balẹ̀. Ọmọ tó kàwé, kí ló tún kù?

Mo tú Àwòdì bí àwọn sísítà ṣe kọ́ mi ní ìwé kíkà. Mi ò fo ọ̀rọ̀ kan, mi ò fi kún un. Bí ó bá ti wà nínú ìwé ni mo ń sọ ọ́, orí mi sì ń wú. Kò pẹ́ tí Ìyá Oníyọ̀, oníbàárà wa tó pẹ́ jù, fi na ọwọ́ sókè.

"Mamusẹ́lì, ìyá ẹ̀ dà?"

Mo ní kò sí nínú èyí. Ó ní kò burú. Nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e dé, ìyá ò tún sí níbẹ̀, n ló bá di ọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ìyá ti kú, àwọn yóvò ló ń fi pa mọ́. Àwọn kan ní wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ayàwòrán àtijọ́, wọ́n gbé e fún ọmọ tí kò ní ìyá. Fo Kwadzo ní kí ni ìyá ń wá lójú ogun? Ìyá Oníyọ̀ ní ìyá tìẹ náà ò wá nǹkan kan lójú ogun, ó kàn bí ẹ ni. Èmi náà ń gbèjà ìwé, mo ń ṣàlàyé pé ìtàn máa ń yí padà, àní wọ́n yà á dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn ṣe ń le, bẹ́ẹ̀ ni àga ń ṣófo. Ẹni tó bá bínú lọ lónìí kì í wá lọ́la, bébà tó ń rà á sì bá a lọ.

Dàdá Afí wá dúró lẹ́bàá igi lọ́jọ́ kan, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Ó fi èdè Mínà sọ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé òun rí i pé ibẹ̀ yẹn ti ń fẹ̀. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá ti dé, bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, kí n wá ibòmíì fi àga sí. Ẹ̀rù bà mí. Ohùn wo ni mo fẹ́ fi sọ fún Bàbá Sùbérù pé mo ti sọ ìsọ̀ ẹ̀ nù?

Àwọn tó kù lórí àga wá fẹnu kò pé kí n kọ lẹ́tà sí Paríìsì. Wọ́n ní kí n kí àwọn yóvò náà dáadáa, kí n bi wọ́n pé kí ni ìyá arúgbó ṣe fún wọn. Télọ̀ Músà ní kí n tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rí ìyá kẹ́yìn, kí wọ́n má baà ní a purọ́. Mo ní ó dáa. Mo gbé àpótí tí Bàbá ń kó àwọn Àwòdì àtijọ́ sí, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyá.

Mo wá a títí. Mo rí Apárí, mo rí àwọn ọlọ́pàá, mo rí ajá kan. Ìyá ò sí. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tún un wò, bóyá ojú mi ni. Àní kò sí obìnrin arúgbó kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí Àwòdì tó fò, á gbé ọrùn ọwọ́ sẹ́nu, á sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó so mọ́ ọn, á sọ fún kọmisé ọlọ́pàá ibi tó ń lọ. Ibẹ̀ ni Bàbá Sùbérù ti rí ìyá. Ó wo ọmọkùnrin tó gbé ọwọ́ sẹ́nu kó tó lọ síbi ewu, ó ní ta ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ bí kò ṣe ìyá ẹ̀?

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà inú bí mi, lẹ́tà ò sì ṣeé kọ mọ́. Kí ló dé tí bàbá yìí ò sọ fún mi? Bí mo bá sọ fáwọn èèyàn pé kò sí ìyá rí, mo ti pe ẹni tí mò ń jẹun lọ́wọ́ ẹ̀ ní òpùrọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Bí mo bá sì dákẹ́, abọ́ onítánganran ló máa gba abẹ́ igi wa.

Ọkọ̀ dé. Àwòdì tuntun dé. Àwọn tó wá lọ́jọ́ yẹn ò ju àga kan lọ, Fo Kwadzo àti Músà kọjú sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Dàdá Afí sì ti dúró sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àbúrò ẹ̀. Mo ń tú u lọ, mo ń tú u lọ, títí mo fi dé ibi tí Àwòdì ti gbé ọrùn ọwọ́ sẹ́nu. Mo wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo wo ojú Ìyá Oníyọ̀, kò tiẹ̀ wò mí mọ́, ó ń ṣa òkúta lára iyọ̀. N ni ohùn ìyá tèmi bá já bọ́ lẹ́nu mi, Nàgó, Yorùbá àwọn ará Ṣakẹ́tẹ́, pọ́nńbélé.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti jẹun?"

Ìyá Oníyọ̀ gbé orí sókè. Mo ní ìyá ní òun ò lè gbà kí ọmọ òun fi ikùn òfìfo fò lọ bá olè jà, pé bí Apárí bá jí oòrùn kó jí i, oòrùn ọ̀hún náà á dúró kí ọmọ jẹun tán. Gbogbo wọn ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníyọ̀ dìde, kò tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ìwé ló kọjú sí.

"Ìyá, níbo lẹ lọ látọjọ́ yìí?"

Yéè. Mi ò ronú débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́mọ ni ìyá, ibo ni ìyá ọlọ́mọ ń lọ tó fi ń pẹ́?

Mo ní, "Ọmọ mi obìnrin ló bímọ. Mo lọ wẹ ọmọ."

Gbogbo àga dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ kú ọwọ́ lómi o!" Ìyá Oníyọ̀ ní òun sọ ọ́, òun ṣáà sọ ọ́ pé kò kú. Fo Kwadzo pàápàá kí i. Nígbà tí mo dé ibi tí Àwòdì ti na apá, mo ní, "Àwòdì ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́," ohùn tí wọ́n fi dáhùn mú kí àwọn ará wọ́ọ̀fù yíjú wò wá. Dàdá Afí ti wá ibi jókòó sí. Ó ní kí wọ́n bi ìyá bóyá akọ ni ọmọ náà tàbí abo. Kò sẹ́ni tó tún rántí abọ́ onítánganran, àfi àbúrò ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n túká, Télọ̀ Músà nìkan ló kù. Ó bá mi to àga, ó mú Àwòdì tuntun, ó ṣí i síbi tí wọ́n ti gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀, tòun ti kọmisé ẹ̀, ní Faransé tó dán ju tèmi lọ. Mo yanu sílẹ̀. Aṣọ àwọn yóvò ló ń rán, ọ̀rọ̀ wọn ló ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, èmi ò bi í rí bóyá ó mọ̀wé.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mò ń wá, Mamusẹ́lì, ṣé mi ò lè jókòó sílé kí n kà á ni?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń bú àwọn ará Paríìsì látọjọ́ yìí?"

"Ta ni ká bú? Ṣé ìwọ ni?" Ó gbé fìlà ẹ̀ dé. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Tìẹ yìí pẹ́ kó tó di odindi."

Ojú tì mí, inú mi sì dùn, méjèèjì pọ̀. Wọ́n ti pa òwe títí ẹnu fi ń ro wọ́n, wọ́n bú ayàwòrán tí wọn ò mọ̀ rí, kí ó má baà dà bí ẹni pé wọ́n ń bú ọmọ ọlọ́mọ lójú gbogbo ọjà. Èmi sì ń bá wọn jiyàn.

Bàbá Sùbérù ò dé títí a fi sọ ọmọ tí ìyá lọ wẹ̀ lórúkọ, tó sì ti ń rákòrò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé, àga ti kún, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ dìde fún un, ó fọwọ́ sọ fún mi pé kí n jókòó. Ó wá àyè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Músà, ó gbé àpò ẹ̀ sórí itan. Nígbà tí Àwòdì gbé ọwọ́ sẹ́nu, tí ìyá dá a lóhùn ní Nàgó pé òun ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, mo rí i tó yí ojú wo Músà, tí Músà ń wo ilẹ̀. Bàbá nawọ́ sókè bí oníbàárà.

"Ìyá, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ìrìn àjò ni mo lọ, mi ò tètè gbọ́."

Mo ní ìyá ní ẹ ṣeun, Bàbá, ọmọ ń dàgbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀. Ó ra bébà kó tó lọ sílé, kò sì jókòó sórí àga ẹni tó ń tú ìwé mọ́ láéláé, èmi ló fi í sílẹ̀ fún.